Bí Ẹ Ṣe Lè So Láptọ́ọ̀pù Àtijọ́ Mọ́ Tẹlifíṣọ̀n Ìgbàlódé

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ pọ̀ nílé wa ní Abẹ́òkúta. Òmíràn ti lo ọdún mẹ́wàá, òmíràn ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ ti fọ́ lápá kan, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì le koko. Inú pálọ̀ kan náà ni tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ńlá wà, tí ẹnikẹ́ni kì í lò fún nǹkan mìíràn ju ìròyìn àti bọ́ọ̀lù lọ. Bí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, olùkọ́ lẹ́sìnnì ní Ọbáńtokò á lè fi bí ọkàn ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ han ogún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ya bátànì àdìrẹ kó tó gbé e lọ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú á rí gbogbo ìlà rẹ̀ gàdàgbà. Bàbá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì á lè ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ láìwọ awò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ju irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ nù, kò sì yẹ kó lọ yáwó ra tuntun, kìkì nítorí pé ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá ti tẹlifíṣọ̀n dọ́gba.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọjà ni. Àwọn èèyàn á ti ra wáyà kí wọ́n tó wo ihò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ kọ́kọ́ wo gbogbo ihò ara láptọ́ọ̀pù, ẹ wo tẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi fóònù ya fọ́tò méjèèjì, kí ẹ tó jáde nílé.

Kí ẹ tó náwó rárá

Iṣẹ́ kan wà tí kò nílò wáyà kankan. Bó bá jẹ́ pé fídíò tó ti wà nínú láptọ́ọ̀pù nìkan lẹ fẹ́ wò, ẹ dà á sínú fílásì, kí ẹ ki fílásì náà bọ ihò USB tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní ló ń ka fáìlì MP4 fúnra wọn. Ẹ kàn fiyè sí nǹkan kan: fílásì tí wọ́n ṣètò sí FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí fílásì ń gbà to fáìlì sínú, kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó 4 GB, bí àyè tilẹ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá ń sọ fún yín pé fáìlì ti tóbi jù, ibẹ̀ ni ìṣòro wà, fílásì yín kò bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní Excel, tí ẹ fẹ́ ṣí síláìdì fún ìpàdé ẹgbẹ́, tí ẹ fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ojú láptọ́ọ̀pù náà ti kú pátápátá, ẹ ní láti so wọ́n pọ̀ ni.

Ihò ara láptọ́ọ̀pù

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo ọ̀tún, òsì àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Èyí tí ẹ máa rí jù lára àwọn tó ti pẹ́ ni VGA. Àwọ̀ búlúù ló sábà máa ń ní, ó fẹ̀ díẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ihò wínníwínní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, ihò súkúrúù kọ̀ọ̀kan sì wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ilé iṣẹ́ IBM ló gbé e jáde ní 1987, ó sì ṣiṣẹ́ fún ayé gan-an. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Intel, AMD, Dell, Lenovo, Samsung àti LG kéde pé tó bá fi máa di 2015, àwọn á ti fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù ayé ọjọ́un ní in, tí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun kò sì ní in mọ́.

Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀ nípa VGA. Àwòrán nìkan ló ń gbé, kì í gbé ohùn. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù: bí agbára iná ṣe ń lọ sókè tó ń lọ sódò nínú wáyà ni VGA fi ń sọ bí àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ṣe gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ tó. HDMI, ihò tí tẹlifíṣọ̀n tuntun ń lò, ní tirẹ̀, nọ́ńbà ló fi ń ránṣẹ́. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Wáyà lásán tí orí kan rẹ̀ jẹ́ VGA tí orí kejì sì jẹ́ HDMI, tí kò ní ẹ̀rọ kankan láàárín, kò lè gbé àwòrán láti ara láptọ́ọ̀pù yín dé ojú tẹlifíṣọ̀n, bó ti wù kó lẹ́wà tó nínú ọ̀rá rẹ̀.

HDMI ni ìkejì. Ó pẹlẹbẹ, igun rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ gé wọnú. Oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni wọ́n gbé e jáde, àmọ́ ó pẹ́ díẹ̀ kó tó di ohun tí à ń bá lára láptọ́ọ̀pù gbogbo. Bí tiyín bá ní in, ẹ ti bọ́ nínú wàhálà: àwòrán àti ohùn ló ń gbé pọ̀. Ẹ kàn wò ó bóyá ó tóbi tó ti tẹlifíṣọ̀n, nítorí àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan wà tí HDMI wọn kéré, tí wáyà tiwọn sì yàtọ̀.

DisplayPort jọ HDMI lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, àmọ́ igun kan ṣoṣo ló gé lára tirẹ̀. Kékeré rẹ̀ wà, Mini DisplayPort, tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára MacBook ní 2008. Àwọn méjèèjì ní kọnfátà tiwọn lọ sí HDMI, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń so irú ihò kan mọ́ irú mìíràn. Bí MacBook yín bá ti wà ṣáájú 2010, ẹ má retí kí ohùn gba ibẹ̀ kọjá.

DVI fẹ̀, ó sì sábà máa ń funfun. Kò pọ̀ lára láptọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá rí i, wáyà DVI sí HDMI tó rọrùn ló máa so ó, nítorí irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, àyàfi pé ẹ máa wá ọ̀nà mìíràn fún ohùn. Ihò róbótó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní S-Video. Ẹ fi í sílẹ̀.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí, ihò USB ló kù. Kọnfátà USB sí HDMI wà, ó sì nílò sọ́fúwíà tirẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. Mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ sáré lọ rà á. USB 2.0 kò lè gbé ju 480 Mbps lọ, èyí tó tó fún síláìdì àti ìwé kíkà, ṣùgbọ́n fídíò á máa fò lórí rẹ̀. USB 3.0 ló lè gbé e dáadáa, tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, láptọ́ọ̀pù tó sì ní USB 3.0 kì í sábà ṣaláìní HDMI.

Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n

Bí tẹlifíṣọ̀n bá wà lára ògiri, ẹ má fà á. Ẹ na fóònù sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tan iná fóònù, kí ẹ ya fọ́tò.

Ẹ máa rí HDMI méjì tàbí mẹ́ta, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ ARC sí lára, tó tún lè gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n lọ sí sípíkà, náà ń gba láptọ́ọ̀pù, àmọ́ bí sípíkà ńlá yín bá ti wà níbẹ̀, ẹ lo òmíràn. Dekódà náà á ti gba ọ̀kan. Ẹ kọ nọ́ńbà èyí tó ṣófo sílẹ̀, nítorí ẹ máa nílò rẹ̀ lórí rìmóòtù.

Ẹ wá VGA níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan ṣì ní in, tí wọ́n kọ PC IN sí i lára. Bí ẹ bá rí i, iṣẹ́ ti parí sí rere: wáyà VGA kan, àti wáyà ohùn ẹlẹ́nu íápíìsì méjì láti ihò íápíìsì láptọ́ọ̀pù lọ sí ihò tí wọ́n kọ AUDIO IN sí lára tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kò nílò kọnfátà kankan, owó yín sì wà lápò yín.

Kọnfátà: ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, torí ẹni tó ní VGA lára láptọ́ọ̀pù tó sì ní HDMI nìkan lára tẹlifíṣọ̀n ló pọ̀ jù.

Kọnfátà yìí, wan-wéè ni. Èyí tó ń ti VGA lọ sí HDMI yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń ti HDMI lọ sí VGA, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí ọ̀kan padà kó di èkejì. Wọ́n jọ ara wọn, àpótí wọn jọra, owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà ń lọ nínú wọn ló yàtọ̀. Èyí tó ń ti HDMI lọ sí VGA ló sì wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù tuntun àti pùròjẹ́kítọ̀ àtijọ́ ló ń rà á.

Irú ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé nìyí, bóyá ní Sápọ́n ni o, bóyá ní Òmìdá. Ìyá olùkọ́ kan dé ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tó ń ta èlò fóònù.

"Ọmọ mi, mò ń wá wáyà tó máa gbé láptọ́ọ̀pù sórí tẹlifíṣọ̀n."

"Ẹ káàbọ̀, mọ́mì. Ó wà ńlẹ̀. VGA àti HDMI, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ gbà, mọ́mì. Kò ní yọ yín lẹ́nu."

Ọmọ náà kò purọ́, VGA àti HDMI ló wà lára ohun tó mú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Apá HDMI rẹ̀ yọ síta bí èyí tí wọ́n fẹ́ ki bọ ihò, apá VGA rẹ̀ sì jẹ́ ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ihò VGA ló wà lára láptọ́ọ̀pù ìyá náà. Ihò kò lè wọnú ihò. Tí ìyá bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà lè fi inú rere mú wáyà VGA tó ní abẹ́rẹ́ lórí méjèèjì pé kí wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Á sì wọlé lóòótọ́, súkúrúù á dè, iná kékeré ara kọnfátà lè tàn pàápàá, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n kò ní rí nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èyí tí ẹ ń wá nìyí: apá VGA rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní abẹ́rẹ́, tó máa wọ ara láptọ́ọ̀pù tààrà; apá HDMI rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ihò, tí wáyà HDMI máa wọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní wáyà USB kékeré tó máa fún un ní iná, nítorí ihò VGA kò lè fún un ní iná tó máa fi ṣiṣẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà fún ohùn, bóyá ihò íápíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú wáyà rẹ̀ nínú páálí, tàbí kó gba ohùn láti ara USB yẹn náà. Èyí tí kò bá ní ọ̀nà ohùn, ẹ dá a padà sórí káńtà.

Ohun tí ìyá yẹn ìbá sọ ni pé: "Láptọ́ọ̀pù mi ló ní VGA, tẹlifíṣọ̀n ló ní HDMI. Láti VGA lọ sí HDMI ni mo fẹ́. Bá mi tì í bọ láptọ́ọ̀pù kí n rí i." Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù náà dání lọ. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n dán an wò lójú yín, kí ẹ tó sanwó.

Nípa wáyà HDMI fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí kó yín láyà. Èyí tí wọ́n kọ 8K sí kò ní mú kí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ fi okùn wọn ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà dé ibi tí ẹ máa jókòó sí. Mítà mẹ́ta tó fún ọ̀pọ̀ pálọ̀. Ẹ yan èyí tí orí rẹ̀ le, tí kò mì nínú ihò.

Síso wọn pọ̀

Ọ̀rọ̀ iná ṣáájú. Ẹ ki ṣájà láptọ́ọ̀pù àti wáyà tẹlifíṣọ̀n bọ ẹsiténṣàn kan náà, kó má jẹ́ pé ọ̀kan wà lórí ínfátà tí èkejì wà lórí iná NEPA. Bí iná inú ẹ̀rọ méjì kò bá dọ́gba, wáyà HDMI ló máa di afárá tó máa gbà kọjá, ihò HDMI tẹlifíṣọ̀n sì lè jóná níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn, torí pé ara bọ́ọ̀dù inú ni wọ́n jó o mọ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, ẹ ní sùúrù kó dúró sójú kan. Bí òjò bá ṣú, tí àrá ń sán, ẹ yọ gbogbo rẹ̀.

Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín bá ti kú, ẹ rántí pé ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni òun náà máa kú lójijì. Ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ yín ní gbogbo ìgbà. Ctrl pẹ̀lú S kì í pọ̀ jù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká so ó:

1. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù àti tẹlifíṣọ̀n méjèèjì.

2. Ẹ ki kọnfátà bọ ihò VGA láptọ́ọ̀pù. Ẹ wo bí ó ṣe fẹ̀ lókè tó sì kéré nísàlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó bá a mu kí ẹ tó ti ọwọ́ sí i. Bí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má fi agbára ṣe é. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀: bí ọ̀kan bá tẹ̀, ẹ fi ẹ̀múgá tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí àyè abẹ́rẹ́ kan tó ṣófo ní ìlà àárín, ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bó bá ní súkúrúù, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dè é, ẹ má fi sukudiráífà fún un pa.

3. Ẹ ki USB kọnfátà bọ láptọ́ọ̀pù, ẹ ki wáyà ohùn bọ ihò íápíìsì.

4. Wáyà HDMI: orí kan sínú kọnfátà, orí kejì sínú HDMI tó ṣófo lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní HDMI, ìgbésẹ̀ yìí nìkan ló kàn án.

5. Ẹ kọ́kọ́ tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tẹ bọ́tìnì Source tàbí Input lórí rìmóòtù, kí ẹ yan nọ́ńbà HDMI tí ẹ kọ sílẹ̀.

6. Ẹ wá tan láptọ́ọ̀pù. Bó bá bá tẹlifíṣọ̀n lójúfò, òun fúnra rẹ̀ máa ń mọ̀ ọ́n.

Lórí láptọ́ọ̀pù

Bó bá jẹ́ Windows 7 tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di bọ́tìnì tó ní àmì fèrèsé mú, kí ẹ tẹ P. Nǹkan mẹ́rin á yọjú, mẹ́ta nínú rẹ̀ ló kàn yín. Duplicate á gbé ohun kan náà sójú méjèèjì. Extend á sọ tẹlifíṣọ̀n di àfikún àyè, tí ẹ lè gbé fídíò sí kí iṣẹ́ yín wà lórí láptọ́ọ̀pù. Olùkọ́ tó fẹ́ máa wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn ọmọ rí i, èyí ni tirẹ̀. Second screen only, tí Windows 7 ń pè ní Projector only, á pa ojú láptọ́ọ̀pù, tẹlifíṣọ̀n nìkan á sì máa ṣiṣẹ́.

Bó bá jẹ́ Windows XP ni, Fn pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnì F tó wà lókè ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà sí. Lára ThinkPad àtijọ́, F7 ni. HP sábà máa ń lo F4, Toshiba àti Acer ń lo F5, ọ̀pọ̀ Dell àtijọ́ ń lo F8. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, torí tẹlifíṣọ̀n kì í tètè dáhùn. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra á kàn máa fò kọjá èyí tó ń wá ni. Ẹ̀rọ tó bá ṣì wà lórí XP tàbí Windows 7, ẹ jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró lórí Windows 7 fún aráàlú, ti XP sì ti dópin láti 2014.

Ẹni tó bá ń lo Ubuntu dípò Windows, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Displays.

Wàyí o, àwòrán ti yọ, ṣùgbọ́n kò mọ́lẹ̀ kedere, lẹ́tà rẹ̀ dà bí èyí tí omi kán sí. Duplicate ló sábà máa ń fa á. Ojú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ jẹ́ 1366 × 768, ti tẹlifíṣọ̀n Full HD sì jẹ́ 1920 × 1080, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí méjèèjì gbé ohun kan náà, ti èyí tó kéré ni wọn á jọ lò, tẹlifíṣọ̀n á sì máa fà á gbòòrò. Ẹ lo Second screen only tàbí Extend, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ ojú tó ṣófo lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan Screen resolution tàbí Display settings, kí ẹ sì fi tẹlifíṣọ̀n sí 1920 × 1080. Àyípadà tí ẹ máa rí á dùn mọ́ yín nínú.

Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá jẹ́ 4K, 1920 × 1080 náà ni kí ẹ lò. 4K fi ìlọ́po mẹ́rin jù ú lọ, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò lè gbé e, èyí tó bá sì gbé e nípasẹ̀ HDMI 1.4 kì í kọjá ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí máúsì á fi máa wọ́ lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà mọ bó ṣe máa fẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Bí etí àwòrán bá sọ nù, tí ẹ kò rí bọ́tìnì Start nísàlẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló gé e, kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ wọ ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n, níbi tí 16:9 wà. Lára LG, Just Scan lẹ máa yàn. Lára Samsung, Screen Fit tàbí Fit to Screen. Lára Sony, Full Pixel. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá gbà kí ẹ fún HDMI ní orúkọ, ẹ pè é ní PC. Ọ̀pọ̀ Samsung àti LG ló máa ń dẹ́kun gígé etí àwòrán àti ṣíṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tí ẹ bá ti ṣe èyí, lẹ́tà á sì mọ́ sí i.

Ohùn

Ẹni tó lo HDMI tààrà, tí ohùn rẹ̀ ṣì ń jáde lára láptọ́ọ̀pù: ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ àmì sípíkà nísàlẹ̀. Ní Windows 7, ẹ yan Playback devices, ẹ tẹ orúkọ tẹlifíṣọ̀n, ẹ tẹ Set Default. Ní Windows 10, ẹ kàn tẹ àmì sípíkà náà lásán kí ẹ yan tẹlifíṣọ̀n. Fídíò tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀ lè má tẹ̀ lé yín. Ẹ pa á kí ẹ tún un ṣí.

Ẹni tó lo kọnfátà tó ní wáyà ohùn kò ní rí orúkọ tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, kó má wá a. Sípíkà tàbí Headphones ni kó fi sílẹ̀, kó sì gbé ohùn láptọ́ọ̀pù sókè dé nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kó tó fi rìmóòtù ṣe ìyókù. Bó bá gbé e dé òpin pátápátá, ohùn á máa ya. Bí tẹlifíṣọ̀n bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ má pa ara yín: ẹ yọ wáyà ohùn lára kọnfátà, kí ẹ so ihò íápíìsì mọ́ hómútíátà tàbí sípíkà tó wà nílé. Nínú kíláàsì tó kún fún ọmọ, èyí gan-an ló dára jù, torí sípíkà inú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kì í lágbára.

Bí kò bá ṣiṣẹ́

No Signal: ẹ wò ó bóyá HDMI tí ẹ yàn lórí rìmóòtù ni wáyà wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kan kọnfátà. Bó bá tutù bí òkúta, kò rí iná. Ẹ yí USB rẹ̀ lọ sí ihò mìíràn, tàbí kí ẹ fi ṣájà fóònù fún un ní iná. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá.

Bí tẹlifíṣọ̀n bá kọ Mode not supported tàbí Out of range, ó ń rí láptọ́ọ̀pù, ìwọ̀n tí láptọ́ọ̀pù fi ránṣẹ́ ni kò gbà. Ẹ fi àmì fèrèsé àti P dá a padà sí Duplicate, kí ẹ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí 1280 × 720, 60 Hz, kí ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Bí àwọ̀ bá yí padà, tí gbogbo èèyàn inú fídíò pọ́n tàbí tí wọ́n di aláwọ̀ ewé, ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ VGA kò fara kan ihò rẹ̀. Ẹ yọ kọnfátà, kí ẹ tún un kì.

Bí fídíò YouTube bá ń dúró tó ń lọ, tí fáànù láptọ́ọ̀pù ń pariwo, wáyà kò ṣẹ̀ yín. Irú ètò tí YouTube fi ń di fídíò lóde òní, VP9 àti AV1, kò sí nínú ẹ̀rọ àwòrán láptọ́ọ̀pù àtijọ́, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo làálàá yẹn. Ẹ dín fídíò kù sí 720p tàbí 480p. Ẹ pa gbogbo fèrèsé mìíràn. Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù sórí àga onítìmùtìmù tàbí bẹ́ẹ̀dì, ibi tí fáànù kò ti ní rí afẹ́fẹ́ fà. Orí tábìlì ló dára.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti àwọn tó pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé tí gbogbo rẹ̀ sì kú. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ilẹ̀ nìyẹn: ó rò pé ẹ ti fẹ́ lọ sùn. Ẹ lọ sí Control Panel, ẹ wọ Power Options, ẹ tẹ Choose what closing the lid does, kí ẹ yan Do nothing lábẹ́ Plugged in, kí ẹ sì tẹ Save changes. Ẹ so kíbọ́ọ̀dù àti máúsì oní-USB mọ́ ọn, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún ooru láti jáde. Bí ojú rẹ̀ bá ti fọ́ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa lò ó títí.